ÌṢIRÒ ALÁJÀPÁ: BÍ A ṢE Ń WÁ Ọ̀NÀ TÍ Ó KÚRÚ JÙ LỌ

Láti ọwọ́ àwọn Olùkọ́ Ẹ̀ka Ìṣirò

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn àwọn olùdásílẹ̀ àti àwòrán àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ni ojú kọ́kọ́ máa ń wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ni ní ìṣirò gbà pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, ó yẹ kí àlejò rẹ̀ mú ẹ̀kọ́ díẹ̀ dání lọ sí ilé. Nítorí náà ni a ṣe gbé ìṣòro kan kalẹ̀ níhìn-ín. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè lóye rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé ṣì ń bá a jìjàkadì títí di òní yìí.

Ìbéèrè náà

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo alájàpá kan. Ó ní ìlú bíi mélòó kan tí ó fẹ́ ná ọjà wọn. Ó fẹ́ kúrò ní ilé, kí ó dé ìlú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì padà sí ilé rẹ̀. Ó mọ iye kìlómítà tí ó wà láàrin ìlú kan àti èkejì. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìlú wo ni kí òun kọ́kọ́ lọ, èwo ni kí ó tẹ̀lé e, títí dé èyí tí ó kẹ́yìn, kí gbogbo ìrìn náà lè kúrú jù lọ?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ èwo nínú àwọn ọ̀nà náà ni ó kúrú jù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ onímọ̀ ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1832, a tẹ ìwé kan ní ilẹ̀ Jámánì fún àwọn oníṣòwò tí ń rìn kiri. Ìwé náà gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n ṣètò ìrìn wọn dáradára, kí wọ́n lè dé ibi púpọ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò nínú rẹ̀. Ní ọdún 1857, William Rowan Hamilton, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Ireland, ṣe eré kan tí ó ní igun 20: ẹni tí ń ṣe eré náà gbọ́dọ̀ kan igun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1930, Karl Menger, ní ìlú Vienna, gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ìṣirò gidi. Ìṣòro ìránṣẹ́ ni òun pè é, nítorí pé àwọn tí ń pín lẹ́tà láti ilé dé ilé ń bá a pàdé lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni orúkọ oníṣòwò arìnrìn-àjò mọ́ ọn lára.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ti orí ìwé lásán, ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera kan fẹ́ fi alùpùpù gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé mẹ́rin. Oògùn náà wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Bí ìrìn bá pẹ́ jù, yìnyín yóò yọ́, oògùn yóò gbóná, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Ọmọ tí a bá gún ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ ìrora lásán, kí àìsàn sì tún bá a lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, kìlómítà tí a bá dín kù níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó epo nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a pe ibùdó ìlera ní I, kí a sì pe àwọn abúlé ní A, B, D àti F. Àwa ni a yan àwọn iye wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́ wa. Kìlómítà ni gbogbo wọn:

I sí A: 4
I sí B: 10
I sí D: 5
I sí F: 6
A sí B: 7
A sí D: 6
A sí F: 10
B sí D: 10
B sí F: 16
D sí F: 6

Ẹ kọ wọ́n sí ìwé yín, nítorí a ó máa padà sí wọn títí dé ìparí.

Ọ̀nà mélòó ni ó wà?

Láti ibùdó, òṣìṣẹ́ náà lè kọ́kọ́ lọ sí èyíkéyìí nínú abúlé 4. Lẹ́yìn náà ó ku 3, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 1. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 4 × 3 × 2 × 1 = 24. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀yìn rin ọ̀nà kan, gígùn rẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà a ó pín 24 sí méjì: ọ̀nà 12 ni ó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní sùúrù lè ka ọ̀nà 12 tán láàrin àkókò ẹ̀kọ́ kan. Bí ó bá kà wọ́n, yóò rí i pé èyí tí ó gùn jù jẹ́ kìlómítà 47, èyí tí ó sì kúrú jù jẹ́ 33.

Èéṣe tí a kò fi ní máa ka gbogbo rẹ̀ nígbà gbogbo? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ibi tí a fẹ́ dé bá jẹ́ 10 pẹ̀lú ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yóò di 181,440. Bí ó bá jẹ́ 15, yóò di 43,589,145,600. Bí ó bá jẹ́ 20, yóò di 60,822,550,204,416,000. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé a ní kọ̀ǹpútà kan tí ó lè ka bílíọ̀nù kan ọ̀nà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Yóò ka ti ibi 15 tán láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 44. Ti ibi 20 yóò gbà á ní nǹkan bí ọdún 2. Ti ibi 25 yóò gbà á ní ohun tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù 10 ọdún. Ibi márùn-ún péré ni a fi kún un! Ẹni tí ó bá rò pé kọ̀ǹpútà tí ó yára ti sọ ọgbọ́n di ohun tí a kò nílò mọ́, kí ó tún àwọn iye wọ̀nyí kà.

Ọgbọ́n kìn-ín-ní: lọ sí ibi tí ó súnmọ́ jù

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí a máa lọ sí ibi tí ó súnmọ́ wa jù nínú àwọn tí a kò tíì dé. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Láti I, A ni ó súnmọ́ jù: 4. Láti A, D ni: 6. Láti D, F ni: 6. B nìkan ni ó kù. Láti F sí B jẹ́ 16. Láti B padà sí I jẹ́ 10. Àpapọ̀ rẹ̀: 4 + 6 + 6 + 16 + 10 = 42.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dàbí ẹni pé òṣìṣẹ́ wa gbọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n abúlé B tí ó fi sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní A, tí kò ju kìlómítà 7 lọ, ni ó wá fi kìlómítà 16 wá nígbẹ̀yìn. Ohun tí ó rọrùn lónìí ni ó dá gbèsè sílẹ̀ fún ọ̀la. Ọ̀nà yìí yára láti rí, ó sì wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀.

Ọgbọ́n kejì: tú ẹ̀ka méjì, kí o tún wọn so

Bí a bá ya ìrìn náà sórí ìwé, a máa ń rí i pé ìlà kan kọjá lórí èkejì. Okùn tí ó lọ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé tú. A ó gé ẹ̀ka ọ̀nà méjì kúrò nínú ìrìn náà, a ó yí apá kan padà kí orí rẹ̀ di ìdí, a ó sì tún un so ní ọ̀nà mìíràn. Bí ìrìn tuntun bá kúrú ju ti àtijọ́ lọ, a ó mú un. Bí kò bá kúrú, a ó fi í sílẹ̀, a ó sì dán ẹ̀ka méjì mìíràn wò.

Ìrìn wa ni I–A–D–F–B–I, kìlómítà 42. Ẹ jẹ́ kí a gé A–D (6) àti B–I (10) kúrò. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 16. Dípò wọn, a ó fi A–B (7) àti D–I (5) sí i. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 12. Ìrìn náà di I–A–B–F–D–I, ó sì jẹ́ 38. A ti jèrè kìlómítà 4.

Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe. A gé B–F (16) àti D–I (5) kúrò: 21. A fi B–D (10) àti F–I (6) sí i: 16. Ìrìn náà di I–A–B–D–F–I, ó sì jẹ́ 33. A ti jèrè 5 sí i. Láti 42 sí 33 jẹ́ kìlómítà 9. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ń rìn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀, kìlómítà 45 ni a ti gbà lọ́wọ́ oòrùn àti eruku.

Ní ọdún 1973, Shen Lin àti Brian Kernighan mú ọgbọ́n yìí gbòòrò: dípò kí wọ́n dúró lórí ẹ̀ka méjì, wọ́n jẹ́ kí ìyípadà kan máa fa òmíràn níwọ̀n ìgbà tí èrè bá ṣì wà nínú rẹ̀. Títí di òní, orí iṣẹ́ wọn ni a ń gbé púpọ̀ nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí kà.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kò sí èyí tí ó kúrú jù ú?

Ìbéèrè yìí ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa. Ká ní a kò ka ọ̀nà 12 náà. A ní 33 lọ́wọ́. Bí ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà bá bèèrè pé, "Ṣé kò sí èyí tí ó jẹ́ 32?" kí ni a ó wí? Kò tó kí a ní a ti wá a títí ó ti sú wa.

Ìdáhùn kìn-ín-ní ni pé kí a wá ilẹ̀ tí ìrìn kankan kò lè lọ sí abẹ́ rẹ̀. Ibi kọ̀ọ̀kan nínú ìrìn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka ọ̀nà méjì: èyí tí a gbà wọlé àti èyí tí a gbà jáde. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀ka méjì tí ó kúrú jù ní ibi kọ̀ọ̀kan. I: 4 + 5 = 9. A: 4 + 6 = 10. B: 7 + 10 = 17. D: 5 + 6 = 11. F: 6 + 6 = 12. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 59. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní orí méjì, a sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà a ó pín 59 sí méjì, yóò jẹ́ 29.5. Kò sí ìrìn tí ó lè kúrú ju 29.5 lọ. Níwọ̀n bí gbogbo iye wa ti jẹ́ odidi, kò sí èyí tí ó lè dín sí 30. Ṣé ẹ rí i? Láìka ìrìn kankan, a ti mọ̀ pé 33 kò lè fi ju 3 lọ jìnnà sí èyí tí ó dára jù.

Ìdáhùn kejì ni kí a pín àwọn ìrìn sí ọ̀wọ́, kí a sì gé ọ̀wọ́ tí kò lérè dànù lódindi, bí àgbẹ̀ ti ń gé ẹ̀ka tí kò so. Ẹ jẹ́ kí a wo abúlé B, nítorí òun ni ó jìnnà jù. Ẹ̀ka ọ̀nà mẹ́ta ni yóò kù tí kò kan B. Èyí tí ó kúrú jù nínú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ jẹ́ 4, 5 àti 6, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 15. Nítorí náà ẹ̀ka mẹ́ta tí ó kù kò lè dín sí 15.

Bí B bá fi ọwọ́ kan mú F, yóò jẹ́ 16, ọwọ́ kejì kò sì lè dín sí 7. Ìyẹn jẹ́ 23. Ẹ fi 15 kún un: 38. Èyí ti ju 33 lọ. Ìrìn 6 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé a ka ọ̀kan nínú wọn.

Bí B bá mú I àti D, yóò jẹ́ 20. Pẹ̀lú 15, ó di 35. Ìrìn 2 tún lọ.

Bí B bá mú A àti I, yóò jẹ́ 17; pẹ̀lú 15, ó di 32. A kò lè gé èyí, a gbọ́dọ̀ wò ó. Ìrìn 2 ni ó wà níbẹ̀: I–B–A–D–F–I jẹ́ 35, I–B–A–F–D–I sì jẹ́ 38.

Bí B bá mú A àti D, ìrìn 2 ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú: I–A–B–D–F–I jẹ́ 33, I–D–B–A–F–I sì jẹ́ 38.

Ó parí. Nínú ìrìn 12, mẹ́rin péré ni a wò, síbẹ̀ a lè fi ìdánilójú sọ pé kò sí èyí tí ó kúrú ju 33 lọ. Èyí kì í ṣe ìrònú lásán mọ́, ẹ̀rí ni.

Ìlú 49 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1954, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ RAND ní California, George Dantzig, Ray Fulkerson àti Selmer Johnson, fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn fún ìlú 49. Ìpínlẹ̀ 48 ni Amẹ́ríkà ní nígbà náà. Wọ́n mú ìlú kan nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi Washington, olú-ìlú, kún un. Inú ìwé àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n ti mú gígùn ojú ọ̀nà.

Ohun kìn-ín-ní tí wọ́n ṣe ni kí wọ́n wo àwòrán ilẹ̀ dáradára. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí ó kúrú jù láti Washington lọ sí Boston yóò kọjá láàrin ìlú 7 nínú àwọn ìlú wọn, láti Baltimore títí dé Providence. Nítorí náà wọ́n yọ ìlú 7 náà kúrò, ó ku 42. Bí ìrìn tí ó dára jù fún ìlú 42 bá gba ọ̀nà Washington sí Boston kọjá, ìlú 7 náà yóò kàn bọ́ sí àyè wọn láìfi nǹkan kan kún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fún ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan: 1 bí a bá gbà á, 0 bí a kò bá gbà á. Òfin kìn-ín-ní wọn ni èyí tí a ti lò lókè: ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 2. Ṣùgbọ́n òfin yìí nìkan kò tó. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, bí a bá jẹ́ kí ibi kọ̀ọ̀kan yan ẹ̀ka méjì tí ó kúrú jù, I, A àti D lè di ara wọn mú, kí wọ́n ṣe agbo tiwọn, kí B àti F wà ní ìta. Agbo kéékèèké kì í ṣe ìrìn-àjò. Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé náà ṣe? Bí irú agbo bẹ́ẹ̀ bá yọjú, wọn a fi òfin kan kún un: láti inú ọ̀wọ́ ìlú yìí, ó kéré tán, ọ̀nà méjì gbọ́dọ̀ jáde lọ sí ìta. Òfin kọ̀ọ̀kan dàbí ọ̀bẹ tí ń gé ìdáhùn èké kúrò láìfi ara kan ìdáhùn òtítọ́. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń tún un ṣírò, títí ìrìn kan ṣoṣo fi kù tí ilẹ̀ àti òkè pàdé lórí rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò náà.

Ọgbọ́n yìí kò kú. Ní ọdún 2004, David Applegate, Robert Bixby, Vašek Chvátal, William Cook àti Keld Helsgaun fi ẹ̀rí hàn pé ìrìn tí wọ́n ní, tí ó gba ibi 24,978 kọjá ní ilẹ̀ Sweden, tí ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 72,500, ni ó kúrú jù lọ. Ní ọdún 2006, a yanjú òmíràn tí ó ní ibi 85,900, tí ó ti inú iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà wá.

Ọgbọ́n ìrántí

Ní ọdún 1962, Michael Held àti Richard Karp gba ọ̀nà mìíràn. Richard Bellman náà kọ ohun kan náà ní ọdún yẹn. Wọ́n ní: bí òṣìṣẹ́ bá ti dé A, B àti D, tí ó sì dúró ní D, ètò tí ó fi dé wọn kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀nà tí ó kù níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kí a pa èyí tí ó kúrú jù mọ́, kí a gbàgbé ìyókù. Bí ibi bá jẹ́ n, iṣẹ́ náà yóò wà ní ìwọ̀n n × n × 2ⁿ. Fún ibi 25, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 21. Kọ̀ǹpútà wa tí ìbá lo mílíọ̀nù ọdún yóò parí rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 21. Ṣùgbọ́n kí a má yára yọ̀: ibi kan ṣoṣo tí a bá fi kún un yóò sọ iṣẹ́ náà di ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ibi 50, ọdún 80 kò ní í tó.

Alágbẹ̀dẹ àti eèrà

Nígbà tí ibi bá pọ̀ jù, tí àkókò kò sì sí, ìdáhùn tí ó dára tó ni a ń wá. Ìṣòro títú ẹ̀ka méjì ni pé ó lè dúró lórí òkè kékeré, kí ó rò pé òun ti dé orí òkè ńlá. Gbogbo ìyípadà kékeré tí ó bá dán wò yóò bà á jẹ́, kò sì ní í lè lọ mọ́. Ní ọdún 1983, Scott Kirkpatrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n lára iṣẹ́ irin. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé irin tí a bá mú gbóná, tí a sì jẹ́ kí ó tutù díẹ̀díẹ̀, a máa rọ̀, kì í sì í tètè ṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ooru pọ̀, ìlànà yìí a máa gba ìyípadà tí ó burú díẹ̀ láàyè nígbà mìíràn, kí ó lè sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè kékeré. Bí ooru ti ń lọ sílẹ̀, ni ó ń le sí i, títí kò fi ní í gba ohunkóhun bí kò ṣe èyí tí ó sàn.

Ní ọdún 1992, Marco Dorigo, ní ilẹ̀ Ítálì, kọ́ tirẹ̀ lára eèrà. Bí eèrà bá ń rìn, a máa fi òórùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tí ó gba ọ̀nà kúkúrú a tètè lọ, a tètè bọ̀. Nítorí náà òórùn ọ̀nà náà a máa pọ̀ sí i, àwọn ìyókù a sì tẹ̀lé e, nígbà tí òórùn ọ̀nà gígùn ń fò lọ. Dorigo dá eèrà inú kọ̀ǹpútà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àwòrán ìlú.

Àwọn ọ̀nà méjèèjì máa ń mú ìdáhùn rere wá, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìlérí. Nicos Christofides ni ó ṣe ìlérí ní ọdún 1976: níwọ̀n ìgbà tí yíyà gba ibi kẹta kò bá kúrú ju lílọ tààrà lọ, ìlànà tirẹ̀ kò ní í mú ìrìn tí ó ju ìlọ́po 1.5 ti èyí tí ó dára jù wá. Bí èyí tí ó dára jù bá jẹ́ 100, tirẹ̀ kò lè kọjá 150.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Ṣé ìlànà kan wà tí yóò yanjú gbogbo irú ìbéèrè yìí kíákíá, iye yòówù kí ibi jẹ́? Kò tíì sí ẹni tí ó rí i, kò sì tíì sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí hàn pé kò sí. Ní ọdún 1972, Richard Karp fi hàn pé ìbéèrè agbo Hamilton, tí í ṣe ọmọ ìyá ìṣòro alájàpá, wà láàrin ìṣòro 21 tí a so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀: ẹni tí ó bá rí ọ̀nà tí ó yára fún ọ̀kan ti rí i fún gbogbo wọn. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Clay ní Amẹ́ríkà ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá yanjú ìbéèrè ńlá tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Owó náà ṣì wà nílẹ̀. Kò sí òfin tí ó ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò gbọdọ̀ gbà á.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀

Irú ìdáhùn mẹ́ta ni a ti rí. Èkíní ni èyí tí a lè sọ nípa rẹ̀ pé, "Ó dára." Èkejì ni èyí tí a lè sọ pé, "Kò jìnnà ju báyìí lọ sí èyí tí ó dára jù." Ẹ̀kẹta ni èyí tí a lè sọ pé, "Kò sí èyí tí ó dára jù ú, ẹ̀rí rẹ̀ sì nìyí." Olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí yìnyín ń yọ́ nínú kúlà rẹ̀ kò lè dúró de ẹ̀rí. Kí ó mú ìrìn rere kan, kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó fẹ́ fi ìrìn náà lélẹ̀ fún gbogbo ọdún, tí ó sì fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn pé kò sí èyí tí ó sàn jù, ó jẹ gbèsè ẹ̀rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú kí a mú ìdáhùn "ó dára" lò; kí a má ṣáà pè é ní "kò sí èyí tí ó dára jù."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ sí ìwé yín lójoojúmọ́ pé, "Fi iṣẹ́ rẹ hàn." Ẹni tí ó wo ìwé ẹnìkejì tí ó sì kọ 33, àti ẹni tí ó gé ẹ̀ka tí ó sì dé 33, ohun kan náà ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n mọ̀. Lọ́jọ́ tí iye bá yí padà, ọ̀kan nínú wọn kò ní í ní ohun tí yóò sọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Bí ibi bá jẹ́ 6 pẹ̀lú ibùdó, ìrìn mélòó ni ó wà?

2. Bẹ̀rẹ̀ láti B, kí o sì máa lọ sí ibi tí ó súnmọ́ jù. Kìlómítà mélòó ni ìrìn rẹ? Ẹ̀ka méjì wo ni o lè tú kí ó di 33?

3. Òjò gbé afárá tí ó wà láàrin A àti B lọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè gba ibẹ̀ mọ́. Wá ìrìn tí ó kúrú jù nínú èyí tí ó kù, kí o sì fi ẹ̀rí hàn. Ẹni tí ó bá rí 40 ti gbà á, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lórí ìwé.